Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀tún Ọdúntán

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ọjọ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ fi kún ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ìyá ti fi àdí pa ọmọ wọn lára títí wọ́n fi ń dán. Aṣọ tuntun tí ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ tóbi jù wọ́n lọ, nítorí ẹni tó rán an ti ro ti ọdún mẹ́ta sí i. Àwọn bàbá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b da kíjìpá bora nítorí ọyẹ́, wọ́n dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wo àwọn ọmọ náà bí ẹni ń wo ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ. Àgbẹ̀ kan tó ń gbé àpò kòkó sínú ọkọ̀ akẹ́rù sọ ọ́ kalẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè òyìnbó láti òní lọ, ẹ kúkú ka onítọ̀hún sí odi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Amos Ọlágòkè nínú bó ṣe ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ Iléṣà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ti ka Sítáńdáàdì Síìsì yege, òun sì ni akọ̀wé tésàn ọlọ́pàá kékeré kan lójú ọ̀nà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ ẹjọ́ tiẹ̀ ní Yorùbá, Amos ni yóò fi èdè òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọn tí ìwé náà ń lọ bá kò gbọ́ Yorùbá. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ràn aṣọ ni òun ṣe fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ó ní ìwé pélébé kan tó ń kọ wọ́n sí. Èyí tó bá rí nínú ìwé ìròyìn tí kò gbọ́ rí, yóò dà á kọ, yóò wo bí wọ́n ṣe lò ó, yóò sì gbé ìtumọ̀ kan kalẹ̀ fún un fúnra rẹ̀. Kò sí ìwé atúmọ̀ èdè kankan ní tésàn náà.

Kò ní ilé ní Ìpetu. Ilé Fẹ̀hìntọlá ló ń gbé, àgbẹ̀ kòkó kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò gbowó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Julianah, ìyàwó Fẹ̀hìntọlá, ló ń bu oúnjẹ fún un ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Phebe, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní Oǹdó, ìdí nìyẹn tí Julianah fi máa ń sọ pé Ọlọ́run ló fi Akọ̀wé dí àlàfo náà. Akọ̀wé ni tọkọtaya náà ń pè é, wọn kì í dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn mú díẹ̀, Fẹ̀hìntọlá wọ tésàn wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ti rin dàńṣíkí rẹ̀ láti èjìká títí dé ìdí. Amos fò dìde.

"Bàbá! Kí ló ṣe yín?"

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi, Akọ̀wé," ni Fẹ̀hìntọlá wí. "Wọ́n ti pa èèyàn. Ó wà níta níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn mi ló kú sí."

Kọ́pùrà Mùstàfá, ọmọ Òṣogbo tó jẹ́ ọ̀gá ní tésàn náà, jáde lọ wò ó. Ògúnlẹ́yẹ ni òkú náà, àgbẹ̀ ìlú kan náà. Nígbà tó padà wọlé, ó ní kí Fẹ̀hìntọlá jókòó, kí ó sọ ohun tójú rẹ̀ rí, kí Akọ̀wé sì máa kọ ọ́.

Fẹ̀hìntọlá sọ ọ́ ní èdè Ìjẹ̀ṣà. Ọdúntán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ń bá Ògúnlẹ́yẹ ja ìjà ààlà oko. Ní òwúrọ̀ yẹn ni Ọdúntán wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sin òun dé oko, nítorí ojú Fẹ̀hìntọlá ló ṣe nígbà tí bàbá Ọdúntán gbin pèrègún ààlà. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá Ògúnlẹ́yẹ tó ń fa pèrègún náà tu. Ẹnu kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ tí Ọdúntán fi yọ àdá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣá a. Ó ju àdá sílẹ̀, ó sì wọ igbó lọ. Fẹ̀hìntọlá ló gbé Ògúnlẹ́yẹ pọ̀n, tó ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, títí orí ọkùnrin náà fi ṣubú lé e léjìká.

"Nígbà tí Ọdúntán ń lọ bá a," ni Mùstàfá bi í, "níbo lẹ̀yin wà?"

"Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Àwa méjèèjì la jọ ń rìn."

Amos gbé gègé sókè. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé ìwé kékeré yóò fi kọ ọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ń bọ́ ọ ló jókòó níwájú rẹ̀ yìí, ọkùnrin tó gbé òkú sáré. Ó fẹ́ kí òyìnbó tó bá ka ìwé náà mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì ló ń sọ̀rọ̀. Ó rántí àwòrán kan tó rí nínú ìwé ìròyìn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: ọba aládé kan nínú sányán, òyìnbó kan lọ́tùn-ún rẹ̀, òyìnbó kan lósì rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n "flank" ọba náà. Ó ti dà á kọ sínú ìwé pélébé rẹ̀, ó sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ síwájú rẹ̀: kí ènìyàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn tòun ti iyì.

Ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé Fẹ̀hìntọlá ní òun "flank" Ọdúntán lápá ọ̀tún bó ti ń tẹ̀ síwájú sí olóògbé. Ó kà á sókè fún un ní Yorùbá pé, "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún." Fẹ̀hìntọlá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ ìka. Amos wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó fi í lé Kọ́pùrà lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀ láàárín ìbànújẹ́ náà, nítorí ó mọ̀ pé òun kò kọ ìwé tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọn kò rí Ọdúntán mọ́. Àwọn kan ní ó ti dé Góòlù Kóòsì, àwọn kan ní igbó ló gbé e. Àwọn ará ilé Ògúnlẹ́yẹ ń ké pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ lọ lásán. Ìwé Fẹ̀hìntọlá gòkè lọ láti ọwọ́ ọ̀gá kan dé ọwọ́ ọ̀gá mìíràn, nígbà tó sì padà sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún ọlọ́pàá ti di ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn.

Oṣù kẹta ọdún 1956 ni adájọ́ òyìnbó tó ń lọ láti ìlú dé ìlú jókòó lórí ẹjọ́ náà ní Òṣogbo. Amos àti Julianah jọ wọ ọkọ̀ láti Ìpetu. Julianah ró àdìrẹ tuntun, ó gbé iṣu sísun sínú agbọ̀n fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá ní Ọjà Ọba lẹ́bàá ààfin, tí àwọn aláàárù ń pariwo "ẹ yà lọ́nà", tí àwọn obìnrin ń na aṣọ sí ẹni tó ń kọjá, ó ní, "Akọ̀wé, tí a bá ti ń mú un bọ̀ nírọ̀lẹ́, jẹ́ ká dúró níbí. Mo fẹ́ ra fìlà fún un. Tọjọ́sí ti gbó mọ́ ọn lórí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀ọ́mi," ni Amos wí. Ó dá a lójú pé ìrọ̀lẹ́ náà ni wọ́n máa mú un bọ̀.

Àwọn ènìyàn kún kóòtù dé ojú fèrèsé. Adájọ́ náà wọ ẹ̀wù pupa àti irun funfun. Fẹ̀hìntọlá dúró nínú àpótí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó ti rù, ṣùgbọ́n nígbà tó rí Amos, ojú rẹ̀ tú ká. Agbẹjọ́rò ìjọba ka ìwé tésàn sókè. Ògbufọ̀ kóòtù túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ẹlẹ́jọ́, nígbà tó sì dé ibi ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "O sọ pé ìwọ lo ń ṣọ́ apá ọ̀tún fún Ọdúntán nígbà tó ń lọ kọ lu olóògbé."

Fẹ̀hìntọlá wò ó. "Ṣọ́ kínni? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé tó kọ ọ́ nìyẹn, ó jókòó síbẹ̀ yẹn. Ọmọ ilé mi ni. Ẹ bi í."

Lọ́yà Mùíbì dìde fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Ó ní kí Olúwa òun ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ó ní ènìyàn lè lò ó fún ohun tí kò ní èrò: igi lè "flank" ọ̀nà, òkè méjì lè "flank" odò. "Ta ni yóò sọ pé igi ń gbìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú ọ̀nà?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Igi kì í rìn, Ọ̀gbẹ́ni Mùíbì," ni ó wí. "Ohun tí a kọ síbí ni pé ó ń ṣe é bí ẹnì kejì ti ń tẹ̀ síwájú. Mo jagun ní Bọ́mà. Ẹni tó bá 'flank' ọmọ ogun tó ń tẹ̀ síwájú, ó ń dí ẹ̀gbẹ́ fún un kí ọ̀tá má baà gba ibẹ̀ wọlé ni. Iṣẹ́ ni. A kì í ṣèèṣì ṣe é."

Lọ́yà Mùíbì ní kí wọ́n pe akọ̀wé.

Amos gorí àpótí ẹlẹ́rìí, ó fi ọwọ́ lé Bíbélì. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun gbòò, ó ti fi sítáàṣì lọ̀ ọ́. Ó rí ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá láti Iléṣà níwájú, ẹni tó ti ṣèlérí pé òun yóò fi í ṣe akọ̀wé àgbà kí ọdún tó parí. Ó rí Julianah lẹ́yìn, agbọ̀n lórí itan rẹ̀.

"Kí ni ẹlẹ́jọ́ sọ fún ọ ní Yorùbá?" ni Lọ́yà bi í.

"Ó ní òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ó tán?"

"Ó tán, sà."

Lọ́yà Mùíbì wo adájọ́, ó jókòó, ara rẹ̀ balẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ló wá dìde, ó rọra ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, ẹ̀yin lẹ yan ọ̀rọ̀ òyìnbó yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ kọ ọ́, àbí àwọn ọlọ́pàá wa ti ń gba ẹni tó ń kọ ohun tí kò mọ̀ síṣẹ́?"

Ẹ̀rín bú jáde nínú kóòtù. Ọ̀gá ọlọ́pàá ará Iléṣà gbójú sókè. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lábẹ́ sítáàṣì Amos. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ló yẹ kí ó sọ, pé òun kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti la ẹnu láti sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo Òṣogbo ń wò ó, ojú sì ń tì í ju bí ẹ̀rù ti ń bà á lọ.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì rí i pé òun ló bá ohun tí ọkùnrin yìí sọ mu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lọ́yà Mùíbì fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Fẹ̀hìntọlá, tí kò gbọ́ nínú èdè òyìnbó tí wọ́n ń sọ, ń wo Amos bí bàbá tí ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń ka ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti ń tò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, ó sì tún un sọ, nítorí ojú Fẹ̀hìntọlá kò yí padà. Julianah kò sunkún nínú kóòtù. Nígbà tí wọ́n dé ìta ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó sì ń to iṣu sísun náà jáde kúrò nínú agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì Amos lọ sí Iléṣà, sí ilé tíṣà àgbà kan tó ní ìwé atúmọ̀ èdè ńlá. Ó fi ìka tọ ojú ewé náà. Ìtumọ̀ tí adájọ́ sọ wà níbẹ̀, ti ogun. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ ni òmíràn wà, kúkurú, pé ó jẹ́ kí nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan mìíràn lásán. Èyí tí Lọ́yà ń wí ni. Ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì, bí òun bá sì ti sọ pé ọ̀kan péré lòun mọ̀, bóyá adájọ́ ì bá wo èkejì. Ó jókòó sórí àga tíṣà náà títí obìnrin ilé fi bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ó lọ bá Lọ́yà Mùíbì ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Alekuwodo ní Òṣogbo, ó ní òun fẹ́ búra tuntun.

"Ibi tó yẹ kí o ti sọ ọ́ náà ni mo gbé ọ gùn ní kóòtù," ni Lọ́yà wí. Kò pariwo. "Ṣùgbọ́n jókòó. A ó kọ ọ́."

Wọ́n kọ ọ́. Àwọn adájọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kà á, wọ́n ní ẹni tó bá fi Bíbélì kan náà búra sọ́tùn-ún, tó tún búra sósì, kò sí èyí tí àwọn lè gbà gbọ́ nínú méjèèjì. Ìdájọ́ dúró. Ìwé àánú tí wọ́n kọ sí Gómìnà padà wá pẹ̀lú ìlà méjì pé rárá. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Amos nítorí ìbúra náà. Ó kó kúrò ní Ìpetu, ó sì gbé tábìlì kan sábẹ́ àtíbàbà ní Iléṣà, ó ń kọ lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀wé.

Wọ́n gba Julianah láàyè láti rí ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n Ìbàdàn ní ìparí ọdún náà. Ó ní kí Amos sin òun, nítorí kò mọ ọ̀nà. Wáyà wà láàárín wọn. Fẹ̀hìntọlá béèrè Phebe, ó béèrè bí òjò ṣe rọ̀, ó béèrè ẹni tó bá wọn ká kòkó. Lẹ́yìn náà ló yíjú.

"Akọ̀wé, kí ni mo sọ gan-an tó burú tó báyìí?"

Amos kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ó sọ gbogbo rẹ̀: àwòrán ọba, ìwé pélébé, ìbéèrè agbẹjọ́rò, ohun tí òun fi dáhùn, àti ìdí. Kò gbójú sókè. Julianah dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́.

Fẹ̀hìntọlá sún mọ́ wáyà. "Pe ọ̀rọ̀ náà kí n gbọ́."

Amos pè é.

"Fí-lán-kì," ni Fẹ̀hìntọlá wí, ó tọ́ ọ wò lẹ́nu bí oúnjẹ àjèjì. "Kò gùn rárá." Ó ronú. "Bí mo bá ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà ńkọ́?"

"Wọn ì bá ní ẹ ń tì í lẹ́yìn ni, Bàbá."

"Bí mo bá ní iwájú rẹ̀ ni?"

"Wọn ì bá ní ẹ̀yin lẹ ṣáájú rẹ̀."

"Níbo wá ni ọkùnrin lè dúró sí?" ni Fẹ̀hìntọlá béèrè. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ó sì ń retí èsì lójú Amos títí wọ́dà fi lu irin pé àkókò ti tó.

Nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Iléṣà, Julianah gbé agbọ̀n rẹ̀ sáàárín òun àti Amos. Nígbà tí Amos fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tó ní, "Mọ̀ọ́mi, ẹ jọ̀ọ́," ó yí ojú sí fèrèsé.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1957 ni wọ́n pa Fẹ̀hìntọlá. Ọlọ́pàá kan ló wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ lójúde, lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan Julianah dé sábẹ́ àtíbàbà Amos nínú aṣọ dúdú. Amos dọ̀bálẹ̀. Julianah kò ní kí ó dìde, kò sì ní kí ó má dìde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

"Mo fẹ́ lẹ́tà," ó ní. "Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló wà níbí, mo rí wọn. Ìwọ lo máa kọ ọ́. Kọ ohun tí mo bá sọ."

Amos mú ìwé.

"Kọ pé, ẹ fún mi ní òkú ọkọ mi kí n sin ín."

Ó kọ ọ́.

"Kí lo kọ?"

Ó kà á fún un ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Julianah ní kí ó tún un kà. Ó ní, "Kọ pé mo ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Kọ pé kò sí ohun mìíràn tí mo ń béèrè." Ní gbogbo ìlà ló ń dá a dúró, tó ń bi í ohun tó kọ. Lẹ́tà ìlà mẹ́ta gbà wọ́n títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Ògún ni èsì dé, ọ̀sẹ̀ tí Ìwọ̀-Oòrùn gba ìṣàkóso ara rẹ̀. Wọ́n ti so màrìwò àti àsíá mọ́ gbogbo òpó Iléṣà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń yan lójú pópó nínú aṣọ funfun, wọ́n ń kọrin lédè òyìnbó, àwọn ìyá wọn ń sá tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí ohun tí wọn kò gbọ́. Julianah gba àárín wọn kọjá wá, ó jókòó. Amos ya àpò ìwé náà níwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn gba lẹ́tà yín," ó kà. "Wọ́n ní inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni òfin ní kí wọ́n sin ẹni tí a bá pa síbẹ̀, wọ́n sì ti sin ín. Wọ́n ní àwọn kò lè gbé e fún yín."

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Mọ̀ọ́mi."

"O ò fi nǹkan kan kún un?"

"N kò fi nǹkan kan kún un."

Ó na ọwọ́ gba ìwé náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ká a, ó sì fi í sínú ìgbátí ìró rẹ̀. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ Ìpetu ṣì ń kó èrò pẹ̀lú ayẹyẹ tó wà nílẹ̀ yìí. Amos ní ó ń kó o. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Àwọn èrò ti pọ̀ lójú ọ̀nà, obìnrin náà sì ti ń darúgbó, nítorí náà Amos fi tábìlì sílẹ̀, ó sáré bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè bá a la àárín wọn kọjá.

Julianah dúró. Kò wo ojú rẹ̀.

"Dúró síbi tí o wà," ó ní.

Ó sì wọ àárín àwọn èrò lọ ní òun nìkan.